Ìtumọ̀ "Ó Ti Gbó": Àtúnṣe Fọ́ọ̀kì Onítìmùtìmù Ara Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá Nídìí Iṣẹ́ Náà ní Abẹ́òkúta

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ẹ̀gbẹ́ Òkè Olúmọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìtumọ̀ orúkọ Abẹ́òkúta. Láti nǹkan bí ọdún 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ti ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá wá tẹ̀dó síbẹ̀, orí àpáta, ẹ̀gbẹ́ àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àárín àpáta ni ọ̀pọ̀ ilé wà, ọ̀nà sì ń gòkè, ó ń sọ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ohun tó wà láàárín ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti táyà iwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú àti eyín ẹni tó gùn ún ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àtúnṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo lára irú kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo: fọ́ọ̀kì iwájú tó ń tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ orí-òkè tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1989 sí nǹkan bí ọdún 2000. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bẹ lára àwọn tòkunbọ̀ tó ń gba Èkó àti Kútọnu wọlé. Irin rẹ̀ sábà máa ń dára ju ti kẹ̀kẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni inú fọ́ọ̀kì rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ohun méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ṣe. Èkejì, tó jẹ́ ti ẹ̀ka èdè gan-an, ni láti wo irú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ọ̀gá lè fi kọ́ ọmọ-iṣẹ́ tí ọmọ-iṣẹ́ náà kò fi ní ṣi iṣẹ́ ṣe. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni ìṣòro níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbé iṣẹ́ àtúnṣe ró, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ti wà nílẹ̀.

Orúkọ ohun ìrìnnà àti orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀

Yorùbá kì í ṣe ọ̀lẹ nípa sísọ ohun ìrìnnà lórúkọ. Kẹ̀kẹ́, tó jẹ́ orúkọ ohun tó ń yí po, ni wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú títí ó fi di orúkọ ohun tí wọ́n ń gùn. Alùpùpù wá láti inú ìró ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kadà ya orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air lò, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń pe orúkọ náà lónìí má mọ̀ pé bàálù kan wà nídìí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gba orúkọ Buba Marwa, gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1996 sí 1999.

Nígbà tó bá kan ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, àyálò ló pọ̀ jù: táyà, túùbù, sípóòkù, pẹ́dàlì, fọ́ọ̀kì, búréèkì, bóòtù, nọ́ọ̀tì, wáṣà. Ẹ̀wọ̀n, ọwọ́ àti ìjókòó nìkan ló sábà máa ń jẹ́ ti ilé. Àwọn onímọ̀ èdè kò fọwọ́ lẹ́rán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdìpọ̀ méjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú èkíní tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú èkejì, ni àpẹẹrẹ tó ṣe pàtàkì jù. Ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ takuntakun ni. Síbẹ̀, orúkọ ni èdè-ìperí sábà máa ń wá. Ẹni tó bá mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara fọ́ọ̀kì kò tíì mọ ohun tó ń ṣe fọ́ọ̀kì náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn yàrá ìkàwé lọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì padà sórí àga. Abẹ́ igi àti abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò sí nínú ìlànà kankan. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ níbẹ̀ kí ìlànà tó dé, òun náà ló sì ń fi kọ́ ọ lẹ́yìn tí ìlànà lọ. Bí ọ̀rọ̀ tó ń lò bá ṣe rí ni iṣẹ́ ọmọ náà yóò ṣe rí.

Bí fọ́ọ̀kì tó ń tẹ̀ ṣe dé ayé

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn òbí àgbà mọ̀, irú Raleigh tó gba orúkọ òpópónà kan ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀kì irin gbọọrọ ni ó ní. Irin náà tẹ̀ síwájú díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì ń fì díẹ̀ bí táyà bá gún òkúta, ṣùgbọ́n táyà oníafẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop mú jáde ní ọdún 1888 ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbara-ẹni-sílẹ̀. Ní ọdún 1962, Alex Moulton gbé kẹ̀kẹ́ kékeré kan jáde tó fi rọ́bà sí lára kí ó lè máa tẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá Òkè Tamalpais ní California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà olókùúta. Láti inú eré yẹn ni kẹ̀kẹ́ orí-òkè ti wá. Fọ́ọ̀kì gbọọrọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ń ro wọ́n, ojú wọn sì ń gbọ̀n títí wọn kò fi rí ọ̀nà. Ní ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ RockShox tí Paul Turner dá sílẹ̀ mú fọ́ọ̀kì RS-1 jáde, tó ń lo afẹ́fẹ́ àti epo. Doug Bradbury ní tirẹ̀ ṣe Manitou, ó to rọ́bà sínú ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì dípò afẹ́fẹ́. Fọ́ọ̀kì ìgbà náà kì í tẹ̀ ju nǹkan bí 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ọ̀nà ti rọ́bà rọrùn, kò sì wọ́n, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi tẹ̀ lé e jálẹ̀ àwọn ọdún 1990. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tòkunbọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń sọ.

Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀kì onítìmùtìmù

Orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò ni fọ́ọ̀kì onítìmùtìmù. Tìmùtìmù ni ohun rírọ̀ tí ènìyàn ń jókòó lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yìí ṣe jókòó lórí rọ́bà tó wà nínú fọ́ọ̀kì, bí kò tilẹ̀ rí i. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oní- ti ṣe ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ṣọ́ọ̀kì gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń pè é kò jẹ̀bi.

Orí fọ́ọ̀kì ni ó so ohun gbogbo pọ̀ lókè. Ọ̀pá inú méjì tó ń dán jáde láti abẹ́ orí yìí, wọ́n sì wọ inú ẹsẹ̀ ìta méjì tó di táyà mú. Láàárín ọ̀pá inú àti ẹsẹ̀ ìta ni búṣì wà, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pá ń gbà kọjá láì mì. Síìlì wà lẹ́nu ẹsẹ̀ ìta kí eruku má bàa wọlé. Nínú ọ̀pá inú ni wọ́n to tìmùtìmù sí, ègé rọ́bà bíi mélòó kan lórí ara wọn. Àwọn fọ́ọ̀kì kan tún ní ohun kan tó ń lo epo, tó ń kó ìtapadà tìmùtìmù níjàánu. Ẹni tó bá ti fẹ ẹwìrì ní ilé àgbẹ̀dẹ yóò tètè mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà bá ṣe kéré tó ni ọwọ́ yóò ṣe wúwo tó. Epo tó ń gba ihò kékeré kọjá kì í jẹ́ kí fọ́ọ̀kì tú padà lójijì. Ìjánu inú ni orúkọ tí yóò bá a mu. Níwọ̀n bí búréèkì ti gba iṣẹ́ ìjánu lẹ́nu àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ṣófo fún iṣẹ́ mìíràn.

"Ó ti gbó"

Bí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá gbé e dé, gbólóhùn tí yóò sọ ni pé fọ́ọ̀kì ti gbó. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbó gbòòrò púpọ̀. Ènìyàn ń gbó, aṣọ ń gbó, ọgbọ́n pàápàá ń gbó, tó sì jẹ́ ìyìn níbẹ̀. Fún ẹni tí yóò tún nǹkan ṣe, gbó kò sọ ju pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lábẹ́ gbó. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Tìmùtìmù ti yòrò.
    b. Tìmùtìmù ti le.
    d. Tìmùtìmù ti wú.
    e. Búṣì ti fẹ̀.
    ẹ. Ọ̀pá inú ti họ.
    f. Ọ̀pá inú ti tẹ̀.
    g. Orí fọ́ọ̀kì ti sán.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ènìyàn lè fi "ó ti gbó" pàrọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀-orúkọ. Nínú (1a) sí (1d), orúkọ kan náà ni, ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló yí padà, àtúnṣe sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Yòrò ni ó yẹ kí àlàyé pẹ́ lé lórí jù. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe tìmùtìmù ìgbà náà kì í ṣe rọ́bà oje igi. Ike kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni, tí ihò afẹ́fẹ́ tíntìntín kún inú rẹ̀ bíi ti kànrìnkànrìn. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń tú okùn tó so ike náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí ó yá. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri láti ọdún 1995, tí ẹnikẹ́ni kò gùn, lè ní tìmùtìmù tó ti di àdòpọ̀ bí oyin àtijọ́ tàbí tó ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Nítorí náà ni "wọn kò lò ó púpọ̀" tí ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń sọ kò fi ṣe ẹ̀rí nípa inú fọ́ọ̀kì. Ohun tó bá ti yòrò kò ní àtúnṣe, yíyọ ni.

Le yàtọ̀. Rọ́bà tó le ṣì dúró ní ìrísí rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì kò tẹ̀ mọ́. Kí ọmọ-iṣẹ́ má tètè dá a lẹ́bi o. Fọ́ọ̀kì tó há, tí ìpẹtà tàbí gírísì gbígbẹ di ọ̀pá inú mú, yóò ṣe bí èyí tí rọ́bà rẹ̀ le. Le àti há ni ọmọ-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí ó tó ná owó oníbàárà, ọ̀nà tó sì rọrùn ni láti yọ tìmùtìmù kúrò, kí ó ti ẹsẹ̀ ìta sókè sódò lófìfo. Bí ó bá ń lọ geerege, rọ́bà ló le. Bí ó bá ń fà, ó há.

Wú, ní tirẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ìwà ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn. Rọ́bà oje igi àti rọ́bà túùbù ń mu epo tí wọ́n fà yọ nínú ilẹ̀. Ẹni tó gé túùbù sínú fọ́ọ̀kì, tó wá fi gírísì ọkọ̀ kùn ún nídìí, ti gbìn ìṣòro oṣù tó ń bọ̀: rọ́bà yóò wú, yóò di inú ọ̀pá pa.

Ti irin kò gba àlàyé púpọ̀. Họ ni ti ohun tí eruku iyanrìn fà lára ọ̀pá. Bí èékánná kò bá kọ́ ọ nígbà tí ènìyàn fi fà á kọjá, yanrìn bébà tó kúnná jù tó para omi lè tán án. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ọ̀pá ní ibi tó ń gba inú búṣì kọjá, yóò máa jẹ búṣì náà ni. Tẹ̀ àti sán kò ní àtúnṣe tó ṣeé fọkàn tán. Ẹsẹ̀ ìta ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì yìí kì í ṣe irin lásán, magnẹ́síọ̀mù ni; lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń gbiná, kò sì yẹ kí alájópọ̀-irin dáwọ́ lé e. Níbí ni ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń fọhùn. "Ó ń jẹ" fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n "ó ń sán" kò fi àyè kankan sílẹ̀ ju "ó ti sán" lọ: ohun tó ń sán lára fọ́ọ̀kì, ibi àkójọ irin ni ibùjókòó rẹ̀.

Etí àti ọwọ́

Yorùbá tún ní ohun èlò mìíràn tí ìwé àtúnṣe òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ ní, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìró yọ. Ohùn òkè sábà máa ń bá ohun kékeré tó le rìn, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa bá ohun ńlá tàbí ohun wúwo rìn. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá di búréèkì iwájú mú, tó ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn, tí ó gbọ́ "kó", búṣì tó fẹ̀ tàbí bóòtù orí tó tú ló ń pè é. Ìka ni yóò yanjú rẹ̀: kí ó fi ìka kan ibi tí ọ̀pá inú ti wọ ẹsẹ̀ ìta, lẹ́yìn náà kí ó fi kan abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọ ara férémù. Ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń yẹ̀ ni àrùn wà. Ọ̀pọ̀ búṣì ni wọ́n ti pààrọ̀ lásán nígbà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì òkè ló nílò ìdè.

Bí ó bá tẹ fọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ tó sì gbọ́ "gbì" nísàlẹ̀, tìmùtìmù ti rọ̀ jù tàbí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bí fọ́ọ̀kì bá tú padà "gìrì" bí ọrun tí ọsán rẹ̀ já, epo ìjánu inú ti jò. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ tí kò padà, ó há. Ìró mẹ́ta, ìdájọ́ mẹ́ta, fọ́ọ̀kì kò sì tíì kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Iṣẹ́ náà gan-an

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, kí wọ́n mọ̀ bóyá fọ́ọ̀kì náà ń lo afẹ́fẹ́. Bí ó bá ní, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ náà dànù ná, torí pé ìdérí tó ń fò kò mọ ojú. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò yọ táyà, tí wọn yóò sì tú okùn búréèkì. Ìdérí òkè ọ̀pá inú ni ó kàn. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń tú u, nítorí pé tìmùtìmù tàbí sípíríǹgì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n fa ègé rọ́bà jáde, kí wọ́n tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe jáde, kí wọ́n sì wọn gígùn gbogbo wọn pọ̀. Bí wọ́n bá ti yòrò, kí wọ́n wọn jíjìn ihò náà dípò rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ṣe iyebíye, ẹni tó bá da àdòpọ̀ náà nù láì wọn ohunkóhun yóò máa fi àbá ṣiṣẹ́.

Bóòtù kan sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ìta kọ̀ọ̀kan, tí kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà gígùn ń tú. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹsẹ̀ ìta yóò fà jáde. Kẹrosíìnì díẹ̀ ń yọ àdòpọ̀ inú ọ̀pá, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ nìkan ni kí wọ́n fi fọ síìlì àti rọ́bà tí wọ́n bá fẹ́ lò padà. Kí gbogbo rẹ̀ gbẹ dáadáa.

Kí ni wọn yóò fi dípò tìmùtìmù? Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún fọ́ọ̀kì náà ṣọ̀wọ́n, bí ó bá sì jẹ́ ìgbà náà ni wọ́n ṣe é, ó ti yòrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọgbọ́n tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí wọ́n gé rọ́bà táyà ọkọ̀ ńlá. Ó dà bí ẹni pé ó dára; rọ́bà ni, ó sì lágbára. Àṣìṣe rẹ̀ hàn bí wọ́n bá ronú sí òkèlè láfún àti búrẹ́dì. Òkèlè láfún tí ènìyàn fún lọ́wọ́ kì í kéré sí i, àárín ìka ni ó ń yọ sí. Búrẹ́dì ń kéré, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Rọ́bà táyà ń ṣe bíi láfún: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lórí, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń yọ sí. Nínú ọ̀pá tóóró kò sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò yọ sí, nítorí náà ni fọ́ọ̀kì yóò fi le bí òkúta. Tìmùtìmù ilé-iṣẹ́ ń ṣe bíi búrẹ́dì. Bí kò bá sí ohun mìíràn, kí wọ́n gé rọ́bà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju fífẹ̀ ihò lọ dáadáa kí àyè lè wà fún un, kí wọ́n sì fi wáṣà pẹlẹbẹ sí àárín ègé kan àti òmíràn. Kí gírísì ọkọ̀ má kàn án.

Sípíríǹgì irin sàn jù, kì í yòrò, kì í wú. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Bí wáyà sípíríǹgì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn ju òmíràn lọ, tí ohun gbogbo yòókù bára mu, yóò fi nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 le jù ú lọ, torí pé ìnípọn wáyà ń di ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: 1.1 × 1.1 × 1.1 × 1.1. Gígé náà ní ìṣòro tirẹ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n gé sí méjì dọ́gba, ìdajì kọ̀ọ̀kan le ní ìlọ́po méjì odidi. Ọmọ-iṣẹ́ tó gé sípíríǹgì ọ̀kadà kí ó lè "rọ̀ díẹ̀" ti sọ ọ́ di ohun tó le sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe gé ló tàn án jẹ, nítorí pé ohun tí wọ́n bá gé nínú ilé ìdáná, bí iṣu tàbí ẹran, kì í le sí i.

Búṣì ni iṣẹ́ tí kì í ṣe ti abẹ́ igi. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lè gbẹ́ òmíràn láti ara idẹ tàbí náílọ̀nù líle, bí wọ́n bá gbé ọ̀pá inú náà lọ fún un kí ó fi òun fúnra rẹ̀ wọ̀n. Búṣì méjì tó wà nínú ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pá yóò há. Bí owó búṣì bá fẹ́ pọ̀ ju owó kẹ̀kẹ́ lọ, kí ọ̀gá sọ ọ́ fún oníbàárà ní gbangba. Fọ́ọ̀kì gbọọrọ tó lágbára sàn ju fọ́ọ̀kì onítìmùtìmù tó ń yẹ̀. Kìkì pé kí gígùn rẹ̀ láti ibi ìdè táyà dé abẹ́ orí fẹ́rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti èyí tí wọ́n yọ. Bí ó bá kúrú jù, iwájú kẹ̀kẹ́ yóò tẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa yára yà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tí olùkọ́ lè fi ṣe

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú Yorùbá ni yóò kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, lára àwọn ọmọ náà sì ni ọ̀pọ̀ yóò ti di ọmọ-iṣẹ́. Lábẹ́ ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, olùkọ́ lè gbé fọ́ọ̀kì àlòkù kan wọ kíláàsì, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn nípa rẹ̀ láì lo gbó àti bàjẹ́. Bí ìwọ̀n ìṣẹ́jú bá ń lọ ni yiyẹ̀, híhó, fífẹ̀, yíyòrò àti híhá yóò máa jáde, iyàn yóò sì bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí tó tọ́. Iyàn náà ni ẹ̀kọ́. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ọ̀pá kan họ ni tàbí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kí wọ́n fi èékánná wò ó.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tún ṣe ṣì ku ìdánwò kan kí ó tó sọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá. Kí wọ́n so okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá inú kan, kí wọ́n tì í mọ́ ẹnu síìlì, kí oníkẹ̀kẹ́ rọra jókòó, kí ó sì rọra sọ̀. Ìwọ̀n tí okùn náà bá fi gòkè ni ìwọ̀n tí ara rẹ̀ fi tẹ fọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Nínú fọ́ọ̀kì tó ń tẹ̀ tó 60 mílímítà, bí 9 sí 15 mílímítà ló dára. Bí okùn kò bá sún rárá, kí wọ́n padà lọ yọ ègé rọ́bà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ jù ú lọ dípò, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n.